Dídín Ojú Kù Nínú Aṣọ Híhun: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Jù

Kí ni dídín ojú kù, ibo ni a sì ti ń lò ó?

Ojú ni òrùka òwú kọ̀ọ̀kan tó wà lórí abẹ́rẹ́; dídín ojú kù ni pé kí iye wọn dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni ká hun ojú méjì pọ̀ di ẹyọ kan. Òun ló ń mú kí orí fìlà sún jọ, kí apá súẹ́tà máa tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sí ọrùn ọwọ́, kí iwájú ìbọ̀sẹ̀ sì ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ mọ́ra. Nínú ìhun oníhò, òun ló ń dá iye ojú padà sí bó ṣe wà lẹ́yìn tí a bá ti ṣí ihò.

Bí ìwọ̀n yín bá jẹ́ 20 ojú nínú 10 sẹ̀ǹtímítà, ojú kan gba ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹ bá dín ẹyọ kan ní etí ọ̀tún àti ẹyọ kan ní etí òsì, aṣọ ti fi sẹ̀ǹtímítà kan dín nínú ìbú. Ìṣirò yìí ló yẹ kó ṣáájú, torí ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n ojú rẹ̀ kò lè mọ iye tó yẹ kó dín.

Kí ló fà á tí ọ̀nà tí à ń gbà dín ojú kù fi pọ̀ tó báyìí?

Nítorí ibi tí ojú tuntun ń fì sí ni. Nígbà tí ojú méjì bá di ẹyọ kan, ọ̀kan á gun èkejì, èyí tó wà lókè nìkan la sì ń rí lóde aṣọ. Bí ti apá òsì bá gun ti apá ọ̀tún, orí rẹ̀ á kọ sí ọ̀tún. A ó ní ó fì sí ọ̀tún. Bí ti apá ọ̀tún bá gun ti òsì, ó fì sí òsì nìyẹn. Bí mẹ́ta bá di ẹyọ kan tí ti àárín sì wà lókè, kò fì síbì kankan, ó dúró ṣánṣán.

Ẹni tó bá di èyí mú kò nílò kó máa há orúkọ kọ̀ọ̀kan sórí. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó máa bi ara rẹ̀: ojú wo ni mo fẹ́ kó wà lókè?

Báwo ni a ṣe ń hun k2tog?

k2tog (knit 2 together) ni híhun ojú méjì pọ̀ ní níìtì, ìyẹn ojú tó dán. Ẹ gba iwájú láti apá òsì, kí ẹ ki abẹ́rẹ́ ọ̀tún bọ ojú kejì àti ìkíní lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ hun níìtì. Ẹ fi òwú yí abẹ́rẹ́, ẹ fà á jáde, kí ẹ wá jẹ́ kí ojú méjèèjì kúrò lórí abẹ́rẹ́ òsì. Ojú kejì, ìyẹn ti apá òsì, ni abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ wọ̀, òun ló wà lókè. Ó fì sí ọ̀tún.

Kò sí èyí tó rọrùn tó o, kò sì sí èyí tó mọ́ tó o, torí a kò gbé ojú kankan síwá sẹ́yìn. Bí ìwé ìlànà bá kàn sọ pé kí ẹ dín ojú kan láìdárúkọ irú rẹ̀, k2tog ni kí ẹ lò. Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni pé abẹ́rẹ́ wọ ojú kan ó sì la òwú èkejì sí méjì. Ẹ wo ẹ̀yìn kí ẹ tó fa òwú jáde.

Kí ni ssk, kí sì nìdí tí a fi ń gbé ojú kí a tó hun ún?

ssk (slip, slip, knit) ni gbígbé ojú méjì kí a tó hun wọn pọ̀. Ẹ gbé ojú kìíní sórí abẹ́rẹ́ ọ̀tún bí ẹni fẹ́ hun níìtì, láìhun ún. Ẹ gbé ìkejì bákan náà, lọ́tọ̀. Ẹ má gbé wọn papọ̀. Ẹ wá ki ṣóńṣó abẹ́rẹ́ òsì bọ iwájú méjèèjì láti òsì sí ọ̀tún, kí abẹ́rẹ́ ọ̀tún wà lẹ́yìn. Ẹ fi òwú yí abẹ́rẹ́ ọ̀tún, kí ẹ hun méjèèjì pọ̀. Ojú kìíní ló wà lókè, nítorí náà ó fì sí òsì.

Ojú kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ méjì: ọ̀kan níwájú abẹ́rẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn. Gbígbé tí a gbé e bí ẹni fẹ́ hun níìtì máa ń yí ẹsẹ̀ náà padà, kí ojú lè ṣí nígbà tí a bá gba ẹ̀yìn hun ún. Bí a kò bá yí i, ìdí rẹ̀ á lọ́.

Ṣé skp àti ssk kò jọra? Ṣé mo lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì?

Ẹ lè fi rọ́pò ara wọn. Nínú skp (slip, knit, pass), ẹ ó gbé ojú kan bí ẹni fẹ́ hun níìtì, ẹ ó hun ojú kan, ẹ ó wá fi abẹ́rẹ́ òsì fa èyí tí ẹ gbé kọjá lórí èyí tí ẹ hun. Òun náà fì sí òsì, ètò ojú rẹ̀ sì bá ti ssk mu.

Ìyàtọ̀ wọn wà nínú bí òwú ṣe ń nà. Bí ẹ bá ń fa ojú kọjá lórí òmíràn, ó máa ń fẹ̀, kò sì rọrùn láti dá a padà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá le á rí i pé skp mọ́ dáadáa. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dẹ̀ á rí ojú ńlá kan tó là gbàǹgbà lórí aṣọ. Èyí tó wù kí ẹ yàn, òun ni kí ẹ lò dé ìparí. Aṣọ tí a ti po méjèèjì pọ̀ máa ń hàn.

Kí ló burú nínú k2tog tbl? Ó yá ju ssk lọ.

Tbl (through the back loop) ni gbígba ẹ̀yìn ojú hun ún. Lóòótọ́ ló yá, ó sì fì sí òsì. Àmọ́ ẹ gba ẹ̀yìn ojú méjì tí ẹ kò yí ẹsẹ̀ wọn padà, ìdí ojú méjèèjì ti lọ́ nìyẹn. Lára ìhun dídán, ìyẹn èyí tí òde rẹ̀ jẹ́ níìtì tí inú rẹ̀ jẹ́ pọ́ọ̀lù (òdìkejì níìtì, tó ní kókó), ojú tó lọ́ máa ń le, ó sì máa ń dá yàtọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ibi tó yẹ ẹ́ wà. Bí àpẹẹrẹ yín bá kún fún ojú tí a mọ̀ọ́mọ̀ lọ́, ó bá a mu. Bí òwú bá dúdú tó sì nírun gan-an, kò sẹ́ni tó máa rí i. Níbòmíràn, ẹ má lò ó.

Ssk mi rí wúruwùru, k2tog mi sì mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, ìdí rẹ̀ sì ṣe kedere: ojú tó wà lókè nínú ssk ti kọjá lórí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí a tó hun ún, a sì tún fẹ̀ ẹ́ nígbà tí a ń ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Òwú tó yẹ kó wà lára aládùúgbò rẹ̀ ti wọ inú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti máa lo ṣóńṣó abẹ́rẹ́ nìkan. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti tín-ín-rín ni kí gbogbo iṣẹ́ náà ti wáyé; bí ojú bá ti wọlé dé ibi tí abẹ́rẹ́ ti sanra, ó ti fẹ̀ tán. Bí ẹ bá hun ssk tán, ẹ fa òwú díẹ̀ kí ẹ tó hun ojú tó tẹ̀ lé e.

Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ gbé ojú kìíní bí ẹni fẹ́ hun níìtì, kí ẹ gbé ìkejì bí ẹni fẹ́ hun pọ́ọ̀lù, kí ẹ wá hun wọn pọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ojú kejì á lọ́, àmọ́ abẹ́ ló wà, kò ní hàn, lílọ́ náà á sì mú kí ti òkè sùn pẹlẹbẹ. Èyí ni àwa fẹ́ràn jù nínú gbogbo àtúnṣe ssk, pàápàá lára apá súẹ́tà níbi tí ìlà ìdínkù ti gùn.

Kí ẹ tó dá aṣọ lẹ́jọ́, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbẹ. Púpọ̀ nínú wúruwùru yẹn ló máa ń lọ lẹ́yìn omi àkọ́kọ́, bí òwú náà bá jẹ́ irun àgùntàn.

Èwo ni kí n lò ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, èwo ni kí n lò ní ìparí?

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìdínkù bá etí aṣọ rìn, ssk ni ti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà òde (ìlà tí a ń hun nígbà tí òde aṣọ kọjú sí wa), k2tog ni ti ìparí: níìtì 1, ssk, ẹ hun títí yóò fi ku ojú 3, k2tog, níìtì 1. Etí ọ̀tún ń wọlé sí òsì, ssk náà sì ń fì sí òsì. Etí òsì ń wọlé sí ọ̀tún, k2tog sì ń bá a lọ.

Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, ìdínkù á kọjú ìjà sí etí, ẹ ó sì rí àwọn ojú kéékèèké tó yọ orí bí ìyẹ́. Kì í ṣe àṣìṣe bí ó bá ti wù yín bẹ́ẹ̀. Aṣọ méjèèjì á tóbi bákan náà. Ohun tó burú ni kí ọ̀tún bá etí rìn kí òsì sì máa bá a jà.

Ojú kan tí a fi sílẹ̀ ní etí ṣe pàtàkì. Òun la máa fi rán aṣọ pọ̀, bí ìdínkù bá sì bọ́ sórí rẹ̀ gan-an, ojú rírán á di wíwọ́. Ojú 2 tàbí 3 náà dára bí ẹ bá fẹ́ kí ìlà ìdínkù hàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́, bíi ti súẹ́tà raglan, tí ìlà apá rẹ̀ dagun láti abíyá dé ọrùn.

Ìlà inú ni mo wà, níbi tí mo ti ń hun pọ́ọ̀lù. Báwo ni mo ṣe máa dín in?

p2tog (purl 2 together) ni kí ẹ lò bí ẹ bá fẹ́ kó fì sí ọ̀tún lóde. Ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ ojú méjì bí ẹni fẹ́ hun pọ́ọ̀lù, kí ẹ hun wọn pọ̀. Tí ẹ bá yí aṣọ padà, k2tog gẹ́lẹ́ lẹ máa rí.

ssp (slip, slip, purl) ni ẹnì kejì ssk. Ẹ gbé ojú méjì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni fẹ́ hun níìtì, ẹ dá wọn padà sórí abẹ́rẹ́ òsì bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ wá gba ẹ̀yìn láti apá òsì ki abẹ́rẹ́ ọ̀tún bọ ojú kejì kó tó bọ ìkíní, kí ṣóńṣó rẹ̀ yọ síwájú. Ẹ hun pọ́ọ̀lù. Ó máa ń nira fún ọwọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìwé ìlànà bá gbà yín láàyè, ẹ fi gbogbo ìdínkù sí ìlà òde kí ẹ sinmi.

Báwo ni a ṣe ń sọ ojú mẹ́ta di ẹyọ kan?

Òfin èyí tó wà lókè náà ni. k3tog fì sí ọ̀tún: ẹ hun mẹ́ta pọ̀ bí k2tog. sk2p fì sí òsì: ẹ gbé ọ̀kan bí ẹni fẹ́ hun níìtì, ẹ hun méjì tó tẹ̀ lé e pọ̀, ẹ fa èyí tí ẹ gbé kọjá lórí wọn. s2kp dúró ṣánṣán: ẹ gbé méjì papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni fẹ́ hun níìtì, ẹ hun ọ̀kan, ẹ fa méjì yẹn kọjá lórí rẹ̀. Gbígbé tí a gbé wọn papọ̀ ló sọ ti àárín di ti òkè; bí ẹ bá gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní rí bẹ́ẹ̀.

s2kp ni kí ẹ lò ní ìsàlẹ̀ ọrùn tó rí bíi V, tí ẹ fẹ́ kí ojú kan gùn lọ sókè láìyẹ̀. k3tog máa ń há. Bí abẹ́rẹ́ bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ fi abẹ́rẹ́ tó kéré ju tiyín lọ hun ìdínkù yẹn nìkan. Ẹ rántí pé ojú méjì ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ọ̀kan.

Wọ́n ní kí n dín ojú 10 “ní dọ́gbadọ́gba” lórí ìlà kan. Báwo ni mo ṣe máa pín in?

Ẹ fi iye ìdínkù pín iye ojú. Ojú 100, ìdínkù 10: ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú 10, ìyẹn níìtì 8, k2tog, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó bá ìhun yíyípo mu. Bí ẹ bá ń hun lọ hun bọ̀, ìdínkù tó kẹ́yìn á bọ́ sí etí gan-an, nítorí náà ẹ pín ìpín kan sí méjì: níìtì 4, k2tog, lẹ́yìn náà níìtì 8 àti k2tog lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, kí ẹ fi níìtì 4 parí.

Bí kò bá pín dọ́gba ńkọ́? Ojú 87 tó gbọ́dọ̀ di 80: ìdínkù 7. 87 pín sí 7 jẹ́ 12, ó ku 3. Ìpín 3 á ní ojú 13, ìpín 4 á ní 12. Ẹ hun níìtì 11, k2tog fún àwọn tó ní 13. Níìtì 10, k2tog fún àwọn tó ní 12. Ẹ má to irú kan pọ̀ sójú kan; ẹ máa fi ọ̀kan la èkejì láàárín.

Apá súẹ́tà ńkọ́? Ìlà mélòó ló yẹ kó wà láàárín ìdínkù kan sí èkejì?

Ká ní ojú 84 gbọ́dọ̀ di 60 láàárín ìlà 120. Ojú 24 ló máa lọ, méjì lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ìgbà 12. 120 pín sí 12 jẹ́ 10: ẹ dín lẹ́yìn ìlà 10-10.

Bí ìlà bá jẹ́ 110, ìdáhùn á já sí 9 àti díẹ̀, ìlà 9 á sì gbé ìdínkù lọ sí inú aṣọ. Ẹ lo nọ́ńbà méjì tó pín sí méjì, 8 àti 10: ìgbà 5 lẹ́yìn ìlà 8-8 jẹ́ 40, ìgbà 7 lẹ́yìn ìlà 10-10 jẹ́ 70. Àpapọ̀ rẹ̀ 110. Bí ẹ bá ti apá òkè hun wá sílẹ̀, ẹ fi ti 8 ṣáájú, torí òkè apá ló máa ń yára tín-ín-rín ju ìsàlẹ̀ lọ.

Orí fìlà mi ń yí bí ìgbín. Ṣé mo ti ṣàṣìṣe?

Rárá. Bí gbogbo ìdínkù bá jẹ́ k2tog, gbogbo wọn ń fì sí apá kan náà, ìlà wọn á sì máa yí lọ. Ojú 96 tí a pín sí ọ̀nà 8: níìtì 10, k2tog yíká, ìyípo kan láìdín, níìtì 9, k2tog, bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ku 48. Láti ibẹ̀, ẹ dín ní gbogbo ìyípo títí yóò fi ku 8, kí ẹ gé òwú, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gba inú ojú 8 náà, kí ẹ fà á pa. Ìyípo ìdínkù 11 ni gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kó yí, ẹ lo s2kp ní ibi mẹ́rin. Ojú 8 náà ló ń lọ ní ìyípo kan, àmọ́ ìlà mẹ́rin tó dúró ṣánṣán lẹ máa rí.

Ti ìbọ̀sẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, torí ó gbọ́dọ̀ sùn pẹlẹbẹ. Ojú 64, 32 lókè ẹsẹ̀, 32 lábẹ́ ẹsẹ̀. Ní ìdajì kọ̀ọ̀kan, níìtì 1, ssk, ẹ hun títí yóò fi ku 3, k2tog, níìtì 1. Ojú 4 ló ń lọ. Ẹ ṣe é ní ìyípo kejì-kejì lẹ́ẹ̀mẹjọ, yóò ku 32. Ẹ wá ṣe é ní gbogbo ìyípo lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò ku 16, tí ẹ máa fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ so pọ̀.

Nínú ìhun oníhò, iye ojú mi kì í dúró. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Ihò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn yo (yarn over, fífi òwú yí abẹ́rẹ́ láìhun ojú), ń fi ojú kan kún un. Ìdínkù kan ló gbọ́dọ̀ bá a. Bí àpẹẹrẹ bá ní yo, s2kp, yo, ihò méjì ni, ojú méjì ló sì lọ. Ẹ ka ojú láàárín àmì kan tí ẹ fi sórí abẹ́rẹ́ sí èkejì ní ìparí ìlà òde gbogbo. Níbi tí kò bá ti pé, yo ló sábà ń já bọ́. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gbé òwú tó wà láàárín ojú méjì nínú ìlà ìsàlẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀ láìlọ́ ọ.

Níbí yìí, ẹ má fi k2tog rọ́pò ssk. Ìlà tí ìdínkù ń fà ni ewé àti òdòdó inú àpẹẹrẹ náà. Bí ẹ bá yí i padà, àpẹẹrẹ á fọ́. Bí yo bá sì jìnnà sí ìdínkù rẹ̀, àwọn ojú tó wà láàárín wọn á dagun. Àwọn àpẹẹrẹ kan mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa dín ojú kù nínú níìtì méjì, pọ́ọ̀lù méjì, tí kò ní hàn?

Ẹ fi í sínú pọ́ọ̀lù. p2tog nínú àlàfo pọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan á sọ ọ́ di níìtì méjì, pọ́ọ̀lù kan, ojú kò sì ní tètè rí i torí pọ́ọ̀lù máa ń wọlé sẹ́yìn. Nínú aṣọ tí gbogbo ìlà rẹ̀ jẹ́ níìtì, k2tog tó. Ibi tó fì sí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Ìhun tí a lọ́ bí okùn máa ń fa aṣọ jọ. Bí ó bá parí, ibẹ̀ á tú, á sì fẹ̀. Ẹ dín ojú 1 tàbí 2 lórí okùn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tó kẹ́yìn.

Mo lo k2tog níbi tó yẹ kí n lo ssk, ìlà mẹ́fà sẹ́yìn. Ṣé mo gbọ́dọ̀ tú gbogbo rẹ̀?

Kò pọn dandan. Ẹ hun dé òkè ibẹ̀ gan-an, ẹ jẹ́ kí ojú yẹn nìkan já sílẹ̀ dé ibi ìdínkù, títí ojú méjì tí a so pọ̀ yóò fi yọ. Ẹ fi ìkọ́ kíròṣéè gba iwájú wọ èyí tí ẹ fẹ́ kó wà lókè ná, kó tó wọ èkejì, kí ẹ fa òwú àkọ́kọ́ nínú àkàsọ̀ òwú tí ojú tó já fi sílẹ̀ gba inú méjèèjì. Ẹ wá máa fa ìyókù ní ìkọ̀ọ̀kan dé òkè.

Bí ẹ bá gbàgbé ìdínkù pátápátá, ọ̀nà yìí náà ṣeé lò, àmọ́ òwú ojú tó parẹ́ á ṣẹ́kù ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì ní láti fi abẹ́rẹ́ pín in fún àwọn ojú ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, òwú yẹn máa ń pọ̀ jù. Ẹ tú u.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń hun. Kí ló dé tí k2tog mi fi ń fì sí òsì?

Bí iṣẹ́ yín bá ń rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún, gbogbo nǹkan ti yí padà bíi ti inú dígí: k2tog yín fì sí òsì, ssk yín fì sí ọ̀tún. Bí ìwé ìlànà bá dárúkọ k2tog nítorí ibi tó ń fì sí, ssk ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì ka àwòrán ìlànà láti òsì ní ìlà òde. Fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ kò béèrè àtúnṣe kankan; ẹ hun wọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ojú mi, tó yẹ kó wà níwájú abẹ́rẹ́, ló máa ń wà lẹ́yìn. Èwo ni kí n ṣe?

Èyí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń fi òwú yí abẹ́rẹ́ lódìkejì nígbà tó bá ń hun pọ́ọ̀lù. Aṣọ rẹ̀ kò bàjẹ́, àmọ́ ìlànà ìdínkù yí padà. Fún èyí tó fì sí òsì, ẹ kàn gba ẹ̀yìn hun méjì pọ̀: ẹsẹ̀ wọn ti yí tẹ́lẹ̀, kò ní lọ́, ẹ kò sì nílò gbígbé kankan. Fún èyí tó fì sí ọ̀tún, ẹ gbé ojú méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ yí ẹsẹ̀ wọn, ẹ dá wọn padà sórí abẹ́rẹ́ òsì, kí ẹ tó hun k2tog. Nínú ìhun yíyípo tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ níìtì, kò sí ìlà pọ́ọ̀lù tó máa yí ẹsẹ̀ ojú padà, nítorí náà ẹ tẹ̀ lé ìwé ìlànà bó ṣe wà.